Àpótí Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹwàá 1999

Òjò rọ̀ láàárọ̀, ó dá kí n tó dé ọjà. Bẹ́ríǹgì ọkọ̀ méjì péré ni mo tà títí ilẹ̀ fi ṣú. Láti ìgbà tí ìjọba ti gé agbára owó wa sí ìdajì, bí awakọ̀ bá gbọ́ ariwo lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, rédíò ni yóò yí sókè kó má baà gbọ́ ọ mọ́. Kò burú. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo ti wà ní Bouaké yìí, nílẹ̀ àjèjì, ojú mi ti rí èyí tó le jù báyìí lọ.

Ohun ayọ̀ ni mo fẹ́ kọ. Ramatou ọmọ mi, tí ilé iṣẹ́ tó ti ń yàwòrán aṣọ dá dúró láti oṣù kẹta, ti rí ọ̀nà míràn. Ilé iṣẹ́ kan tó ń tẹ àwòrán sára aṣọ ní kó gbé àwòrán tuntun méjìlá wá, kó tó di ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù tó ń bọ̀. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán wọn. Bí kò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ibí ni wọ́n bí i sí, ìwé rẹ̀ pé, síbẹ̀ ọkùnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ wo orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì kó tó ní, “Anango ni yín?” Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. Ramatou ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà ní, “Kí àwòrán yẹn dára gan-an o.”

Yóò dára. Mo ti sọ fún gbogbo ọjà. Ìwé kejì ni mo kà dé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí bàbá mi tó kú, ẹ wá wo ohun tí mo bí.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹwàá

Lónìí mo ṣe ohun tí àwọn tó lọ ilé ìwé kò lè ṣe.

Konan wá láàárọ̀. Ọmọ Baoulé ni, ọmọ onílẹ̀ ibí, òun ló ń tún kọ̀ǹpútà gbogbo àwa Yorùbá ọjà ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti orí ti Ọlábọ̀dé onímọ́tò títí dé ti ẹgbẹ́ wa. Ti Ramatou kì í ṣe irú èyí tó wà káàkiri. Unix ni wọ́n ń pe ohun tó ń darí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó dá a dúró ló fún un ní ẹ̀rọ náà dípò owó oṣù tó kẹ́yìn, Konan nìkan ló sì mọ tinú rẹ̀ ní ìlú yìí. Ó ní inú ẹ̀rọ ti kún, àwòrán keje kò rí ibi jókòó sí. “Tọ́ńtọ́n, màá padà wá lọ́jọ́ Ẹtì, màá wá àyè fún un.” Bẹ́ẹ̀ ló ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní ipò ọ̀gá, níbi tí èèyàn ti lè gbé ohunkóhun kúrò, nítorí nǹkan kan ṣì ń wọlé lọ́wọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ramatou lọ sí ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville lọ wo àwọ̀ aṣọ. Mo jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ojú mi kì í sùn. Mo ṣí àpótí kan, mo ṣí èyí tó wà nínú rẹ̀, ẹnu sì yà mí. Àpótí mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọ̀kan ń jẹ́ lib, ìkejì lib32, ìkẹta lib64. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹrù kan náà! Orúkọ tí mo rí nínú èyí, òun ni mo rí nínú tọ̀hún. Àwọn tó kàwé kó ọjà kan ṣoṣo sórí pẹpẹ mẹ́ta, wọ́n wá ń sunkún pé kò sí àyè.

Èwo ni n ó gbé kúrò? Ẹni tó ti ta bẹ́ríǹgì fún ọgbọ̀n ọdún kò ní bi ẹnikẹ́ni. Nọ́ńbà ni ọjà wa. Páálí tó bá ní nọ́ńbà, a mọ ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí yóò wọ̀. Páálí tí kò ní nọ́ńbà, àdàpọ̀ àlòkù ni, èyí tí àwọn mẹkáníìkì dá padà. Alágbẹ̀dẹ là ń wọ̀n ọ́n fún. Mo fa èyí tí kò ní nọ́ńbà sínú apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí, mo da apẹ̀rẹ̀ náà nù. Ẹ̀rọ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó dá mi lójú. Àyè ṣí sílẹ̀.

N kò tíì ní sọ. Kí Konan dé lọ́jọ́ Ẹtì, kó bá àyè, kó máa wo òkè wo ilẹ̀. Nígbà náà ni n ó sọ ẹni tó ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, 28

Iná lọ lálẹ́ àná, ó dé láàárọ̀. Ẹ̀rọ Ramatou kò jí.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Konan dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ramatou ò tilẹ̀ kí i dáadáa. “Ìwọ lo fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.”

“Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Ta ló débẹ̀ lẹ́yìn mi?” Ó yí sí mi. “Tọ́ńtọ́n, ẹ̀yin wà nílé?”

“Ilé mi ni, báwo ni n kò ṣe ní wà níbẹ̀? Ṣé èmi tí mi ò lọ ilé ìwé ni n ó wá máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà?”

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi àìkàwé bo ara mi.

Konan kò jà. Ó yọ síídì kan nínú àpò, ó ní òun lè gba inú rẹ̀ wo ẹ̀rọ náà láìjí i, òun yóò rí ohun tó sọnù. Bó bá wò ó, yóò rí i pé àpótí kan kò sí, Ramatou yóò sì bèèrè ẹni tó gbé e. Mo pariwo kó tó ti síídì bọ inú ẹ̀rọ. Ohun tí mo sọ nìyí, mo kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: “Ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, ẹ ń bi ọmọ tí wọ́n bí síbí léèrè ibi tó ti wá, ó wá kù kí ẹ ba ohun tó fi ń jẹun jẹ́. O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Jáde nílé mi!”

“Èmi, Tọ́ńtọ́n? Ọwọ́ ìyá mi lẹ ti ń ra iṣu.”

“Jáde!”

Ó kó síídì rẹ̀, ó lọ. Ramatou ń wò mí bíi pé ó fẹ́ bèèrè nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Mo sọ fún Ọlábọ̀dé ní ibùdókọ̀ rẹ̀ pé Konan ló ba ẹ̀rọ jẹ́, nítorí pé a jẹ́ Anango, pé mo fi ojú ara mi rí i. Mo sọ fún Sìlífátù aláṣọ. Wọ́n gbà á kí n tó sọ ọ́ tán. Mo ti ta oríṣiríṣi ọjà nílùú yìí, n kò tíì rí èyí tó yá tó ọ̀rọ̀ yẹn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ọlábọ̀dé ti ní kí Konan má wá sídìí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì òun mọ́, ẹgbẹ́ wa sì ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò jẹun alẹ́.

Ọjọ́rú, 3 oṣù kọkànlá

Hamed wá láti Abidjan, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sèfíyátù ìyàwó mi ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní báńkì. Ó wo inú ẹ̀rọ. Ó ní, “Lib kò sí níbí. Ṣùgbọ́n lib32 ló tuntun jù ú lọ, ẹrù kan náà sáà ni.” Ó da ẹrù lib32 kọ sínú lib míràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Ẹ̀rọ jí, ó fi ojú hàn bíi ká ka ení dé ẹ̀wá, ó tún kú. Ó ṣe é títí di alẹ́. “Níbi tí mo mọ̀, lib ni lib. Níbòmíràn wọ́n á ní lib64 ni kó o lọ. Ta ló sọ nǹkan lórúkọ báyìí? Àyàfi kí ẹnìkan sọ fún mi ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.”

Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ìwọ̀n wọn lọ́jọ́ yẹn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn: orúkọ kan náà, ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi tí mò ń fi ìwọ̀n jẹun. Bẹ́ríǹgì tó fi ìwọ̀n díẹ̀ tóbi ju èkejì lọ, mo mọ̀ pé bí o bá fipá fi í sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, yóò yí díẹ̀, yóò sì há. N kò sọ̀rọ̀. Hamed wọ ọkọ̀ padà.

Ọjọ́ Àìkú, 7

Sèfíyátù ní Ramatou ti ń fọwọ́ yàwòrán sórí bébà. Bẹ́ẹ̀ ilé iṣẹ́ náà kò gba bébà.

Ọjọ́rú, 10

Ìrẹsì tún ti gbówó lórí. Sìlífátù pè mí láti ìsọ̀ rẹ̀: “Àlàájì, ẹ gbọ́? Ọmọ Baoulé yẹn ti padà sí Djébonoua, abúlé wọn, oko iṣu ló wà. Ẹ bá wa lé e dáadáa!” Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ajé, 15

Ọyẹ́ ti ń fẹ́, ètè mi là. Mo sọ fún Sèfíyátù pé mò ń lọ ra iṣu ní Djébonoua. Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí wọ́n fi sọ wá kalẹ̀ níbi ìdènà ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan nínú aṣọ ìjọba yí káàtì séjúù mi, ìwé àṣẹ àlejò, síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Láti ìgbà wo?” Mo ní láti 1952. “Kí lẹ wá ń ṣe tẹ́ ò tíì padà látọjọ́ yìí?” Lọ́jọ́ míràn, ǹ bá ka gbogbo ohun tí mo ti ṣe nílùú yìí sí i létí. Lónìí mo wo ilẹ̀. Ẹni tí mò ń lọ bá, irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fi lé e jáde, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni.

Èrò mi ni pé n ó pe Konan sẹ́yìn ilé, èmi àti òun nìkan, n ó rọra sọ ọ́. Mo gbàgbé bí àwọn Baoulé ṣe ń gba àlejò. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní omi, gbogbo agbo ilé sì jókòó. Konan ti oko dé, ó jókòó lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, bàbá arúgbó kan, ni agbọ̀rọ̀sọ. Ó fi Dioula, èdè tí gbogbo wa ń sọ lọ́jà, bèèrè ìròyìn lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo bá sọ, òun ni yóò fi Baoulé tún un sọ fún gbogbo ilé, sókè.

Mo ní àlàáfíà ni. Ó tún un sọ. Mo ní ọyẹ́ ti dé, ọjà kò yá. Ó tún un sọ. Mo ní mo wá ra iṣu. Ó tún un sọ. Ó wá yí padà sí mi: “Ìyẹn ni ìròyìn kékeré. À ń retí ńlá.”

Mo wo Konan. Erùpẹ̀ oko wà ní èékánná rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rọ ọmọ mi tó bàjẹ́, èmi ni mo bà á jẹ́.”

Bàbá náà kò sọ ọ́. “Tún un sọ, kí n lè gbé e bó ṣe wà.”

Mo tún un sọ. Mo ní mo gbé ohun kan kúrò nínú rẹ̀, mo sì mọ̀. Mo ní nígbà tí Konan fẹ́ wò ó, mo lé e kó má baà rí i. Mo ní mo sọ lọ́jà pé nítorí a jẹ́ Anango ló ṣe ṣe é, pé mo fi ojú mi rí i, irọ́ sì ni. Ó gbé e, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, kò fi iyọ̀ sí i, kò yọ nǹkan kúrò. N kò gbọ́ Baoulé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo gbọ́ orúkọ mi. Ìyá Konan dìde, ó mú ife omi kúrò níwájú mi, ó wọlé.

Bàbá náà ní, “Iṣu ńkọ́?”

“Irọ́ ni.”

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Konan kò rẹ́rìn-ín. Dioula lòun náà fi bi mí: “Kí lẹ gbé kúrò?”

“Lib.”

“Lib wo? Mẹ́ta ni wọ́n.”

“Èyí tí kò ní nọ́ńbà.”

Ó fọwọ́ méjèèjì bo ojú rẹ̀. “Òun gan-an ni ẹ̀rọ fi ń jí. Ogún ìṣẹ́jú ni ǹ bá fi rí i lọ́jọ́ yẹn, Tọ́ńtọ́n. Ogún ìṣẹ́jú.”

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ yóò dúró ná. “Ẹ lọ sọ fún Ramatou fúnra yín. Mi ò lè wọ ilé tí mo ti jẹ́ ọ̀daràn. Bó bá pè mí, màá wá, nítorí iṣẹ́ rẹ̀.”

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún Ramatou kí n tó bọ́ fìlà. Ó ń gbẹ́ pẹ́ńsù rẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ títí ó fi ṣẹ́. “Ọjọ́ mọ́kàndínlógún, Papa. Ẹ̀ ń wò mí.” Lẹ́yìn náà, ó gbé tẹlifóònù.

Ọjọ́bọ̀, 18

Ẹ̀rọ jí ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà níbẹ̀.

Síídì tí Konan fẹ́ lò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló lò. N kò wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Mo gbọ́ tí Ramatou ń bi í pé kí ló dé tí èyí tó ṣe pàtàkì bẹ́ẹ̀ kò fi ní nọ́ńbà. Ó ní, “Ìgbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀, òun nìkan ló wà. Ta ló mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀? Nígbà tí ẹrù tí ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ dé, wọ́n fún un ní 32. Èyí tó tún dé, 64. Wọn ò lè yí orúkọ ti àkọ́kọ́ padà mọ́, gbogbo nǹkan ló ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.”

“Wọn ò mọ orúkọ sọ.”

“Wọn ò mọ̀ ọ́n sọ rárá. Ẹni tó kàwé gan-an lè ṣì í.”

Ara mi fúyẹ́ níbi tí mo dúró sí. Mo ní nínú ọkàn mi: ẹ gbọ́? Hamed tó wà ní báńkì náà ṣì í. Mo ti ń wá bí n ó ṣe sọ ọ́ lọ́jà. Konan ń di àpò rẹ̀. Ó ní, kò sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, “Ṣùgbọ́n orúkọ kọ́ ló ní kí Bàbá yín lé mi jáde.”

Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Kò gba omi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

Mẹ́wàá ni Ramatou gbé lọ, kì í ṣe méjìlá. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti gbẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù kejìlá

Wọ́n gbà á fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní àwọn yóò wò ó ná. Ipò ọ̀gá ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn tó gbé méjìlá wá. Sèfíyátù ló sọ fún mi. Ramatou ń kí mi láàárọ̀, ó ń kí mi lálẹ́, kò sí ohun tó wà láàárín méjèèjì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Mo lọ tú ohun tí mo dì. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Sìlífátù. Mo ní, “Èmi ni mo ba ẹ̀rọ yẹn jẹ́, kì í ṣe Konan.”

“Hẹ́ẹ̀! Wọ́n ti wá bẹ̀ yín, àbí?”

“Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣe é.”

“Àlàájì, ọkàn yín ti mọ́ jù.” Ó ké sí ìsọ̀ kejì: “Ẹ wá wo àgbàlagbà! Ó ń fi ara rẹ̀ bo ọmọ ọlọ́mọ!”

Ìsọ̀ méje ni mo dé. Mo sọ orúkọ àpótí náà fún wọn, mo fi ọwọ́ júwe bí mo ṣe fà á. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni wọ́n ń mi orí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi. Ní ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́ta ti fi mí ṣe àpẹẹrẹ ìdáríjì. Mo fẹ́ràn ìyìn, n kò lè purọ́ lórí ìyẹn. Ti òní ń ta mí lára bí ata.

Kò sì sí ẹni tó ní òun yóò pe Konan padà. Ẹni tí a dárí jì ni wọ́n gbà pé ó jẹ́, kì í ṣe ẹni tí a purọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6

Ààwẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo lọ sí ibùdókọ̀ Ọlábọ̀dé láàárọ̀, ọkọ̀ Abidjan ń kó èrò. Ó ń to tíkẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì. Ẹlẹgbẹ́ àríyànjiyàn mi ni, ọgbọ̀n ọdún rèé tí kò tíì jẹ́ kí n parí gbólóhùn kan.

Mo ní, “Ọlábọ̀dé, dá iṣẹ́ Konan padà fún un.”

“Mo ti gbọ́. Wọ́n ní ẹ ń dárí jì í káàkiri ọjà.”

“Mi ò dárí jì í. Kò ṣe mí ní nǹkan kan.”

“Àlàájì, orí àga tí ẹ jókòó sí yìí náà lẹ wà tí ẹ fi ní ẹ fojú ara yín rí i.”

“Mo purọ́.”

“Kí ló dé? Kí lọmọ yẹn ṣe yín?”

Mo ti to àlàyé kalẹ̀ láti ilé, nípa nọ́ńbà, nípa ìwọ̀n, bí àwọn ọ̀mọ̀wé náà ṣe ń ṣì í. Mo gbé gbogbo rẹ̀ jù sílẹ̀. Mo ní, “Ó fẹ́ ṣí ẹ̀rọ wò níṣojú ọmọ mi. Ọmọ mi ì bá rí i pé ohun tí mò ń pariwo pé mo mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá ti ní Baoulé ni, kò sí ẹni tó máa bi mí léèrè ohun kejì. Ìwọ náà ò bi mí.”

Ó wo ìta níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù sórí ọkọ̀, ó wo tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún tíkẹ́ẹ̀tì tó ti tò tẹ́lẹ̀ tò. Kò sọ pé ọkàn mi mọ́. Kò pè mí ní Àlàájì. Kò lè wo ojú mi.

Ó gbà mí gbọ́. Mo dìde lórí àga rẹ̀, mo jáde.